Dùùrù Kan Náà, Ọwọ́ Kan Náà

Bíbélì kíkà: 1 Sámúẹ́lì 16:14-23 àti 18:6-11. Ẹ ka méjèèjì o, ẹ má fi ọ̀kan sílẹ̀.

Ìbéèrè tí mo gbé wá lónìí nìyí: tí ọwọ́ tó ń lu dùùrù nínú ilé Ọlọ́run bá lọ lu jáàsì níta, ṣé ọwọ́ náà ti di aláìmọ́ nìyẹn?

Ẹ jẹ́ ká wo Fẹlá Ṣówándé. Kì í ṣe Fẹlá Aníkúlápó o, èyí ti wà ṣáájú ìyẹn. Ọdún 1905 ni wọ́n bí i, ọmọ àlùfáà Áńgílíkà ni. Ó kọrin ní kékeré ní Cathedral Church of Christ, l'Ékòó, lábẹ́ T. K. E. Phillips. Orin inú ìwé ni wọ́n kọ́ ọ: ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ ni wàá lù, o ò gbọdọ̀ fi kún un, o ò gbọdọ̀ yọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé Lọ́ńdọ̀nù láàárín àwọn ọdún 1930, ó bọ́ sínú jáàsì. Ó bá Fats Waller ará Amẹ́ríkà lu dùùrù pọ̀, ó sì ń lù fún Adelaide Hall tí ìyẹn ń kọrin.

Ẹni tí ò bá mọ jáàsì, ó lè jẹ́ ẹni mẹ́ta péré: ẹnì kan nídìí dùùrù, ẹnì kan nídìí báàsì, ẹnì kan nídìí ìlù. Wọ́n á lu orin náà bó ṣe wà lẹ́ẹ̀kan, ìwé parí nìyẹn. Oníkálukú á wá máa dá tiẹ̀, àwọn méjì tó kù á máa fetí sí i kó má bàa sọnù. Ó yé àwa ọmọ Ìlàjẹ. Ẹni tó kọ́ ọkọ̀ wíwà nínú odò tóóró, tó ń rí igi lọ́tùn-ún lósì, lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ já sí òkun, kò ní rí bèbè kankan mọ́. Àjẹ̀ tó kọ́ nínú odò yẹn náà ló ṣì máa lò.

Ṣé Ṣówándé wá sọnù? Ní 1943 ó gba FRCO, oyè ńlá àwọn tó ń lu ọ́gàànù nílùú ọba. Lẹ́yìn náà ó di ẹni tó ń lu ọ́gàànù fún ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Kingsway Hall. Orin ìsìn tó kọ fún ọ́gàànù, irú Ọ̀yígíyigì, wọ́n ṣì ń lù ú títí dòní.

Mi ò sọ pé gbogbo ibi tí wọ́n ti ń lu jáàsì ló yẹ kí ọmọ Ọlọ́run jókòó sí. Ibi kan wà, ọtí ibẹ̀ á gbé èèyàn lọ. Ìyẹn la lè bi èèyàn léèrè. Àmọ́ a kì í béèrè, ohùn orin la máa ń dá lẹ́jọ́.

Nínú Bíbélì Yorùbá, dùùrù náà ni wọ́n pe ohun tí Dáfídì ń lù. Ní orí 16, ó lù ú, ara tu Sọ́ọ̀lù. Ní orí 18, ọwọ́ yẹn náà ló ń lù, Sọ́ọ̀lù ju ọ̀kọ̀ sí i. Kí ló yí padà? Okùn dùùrù kọ́ o.

Nínú ìjọ kan tí mo ti sìn rí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún wa. Wọ́n rí i tóun àtàwọn méjì kan ń lu jáàsì níbi ìgbéyàwó ní Igbókòdá. A pè é sí ìpàdé. Èmi ni mo ka ẹsẹ Bíbélì tá a fi dá a dúró. Ó ní, "Ajíhìnrere, ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo nínú ohun tí mo lù ló ṣẹ Ọlọ́run?" Mi ò rí èsì fọ̀, mo ní kó má gbó àgbà lẹ́nu.

Kí n má purọ́ fún yín: ní gbogbo Sunday tó bá lùlù, orin ẹ̀ làwọn èèyàn ń sọ lọ sílé, kì í ṣe ìwàásù mi.

Ó ti pé ọdún méjì. Ní Sátidé yìí màá wọ ọkọ̀ lọ wá a. Ẹ bá mi gbàdúrà kí n bá a nílé.