Mímú Ọmọdé Rìn Nínú Igbó

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta kò ní láti rìn jìnnà kó tó rí ohun ìyanu. Ìlà èèrùn tó ń kọjá lórí pákó kan ti tó o wò fún ìgbà pípẹ́. Àgbà tó di ọmọ lọ́wọ́ mú, tó ń pariwo "yára, ká máa lọ", kò tíì mọ ohun tí wọ́n bá wá.

Ní Èkó, Lekki Conservation Centre ni ọ̀pọ̀ òbí ń mú ọmọ lọ. Nigerian Conservation Foundation, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1980, ló ń bójú tó o, láti 1990 ni wọ́n sì ti ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀. Hẹ́kítà 78 ni. Irà pọ̀ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi pákó ṣe ọ̀nà. Afárá orí igi, tó gùn tó mítà 401, ni gbogbo ayé ń sáré lọ gùn. Ó máa ń mì. Ọmọ tí ẹ̀rù bá ń bà, kí àgbà kan dúró tì í nílẹ̀. Ìkà ni kí wọ́n wọ́ ọ gòkè nítorí fọ́tò.

Òwúrọ̀ ló dára jù, kí oòrùn tó mú. Aṣọ alápá gígùn nítorí ẹ̀fọn, bàtà tó bo ẹsẹ̀, omi mímu. Lásìkò òjò, pákó máa ń yọ̀, kí ọmọ kékeré má ṣe sáré lórí rẹ̀. Kí wọ́n jẹun kí wọ́n tó wọlé.

Nídìí ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí gan-an ni ìwà tó ń bani nínú jẹ́ wà. Ọ̀bọ mona pọ̀ nínú igbó náà. Èso, ewé àti kòkòrò ni oúnjẹ wọn. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, bàbá kan já ọ̀rá bisikíìtì, ó kó o lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní, "Ó yá, fún bọ̀ọ̀dá ọ̀bọ ní ẹyọ kan." Ọ̀bọ kò bá ẹyọ kan wá. Ó já gbogbo ọ̀rá gbà, ó gorí igi, ó ń rọ́ bisikíìtì sí àpò ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi wú bíi ti ẹni tí eyín ń dùn. Ọmọ bú sẹ́kún. Bàbá? Fóònù ló gbé sókè, ó ní kí ọmọ wo kámẹ́rà. Àwọn tó wà nítòsí ń pàtẹ́wọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò mú ọ̀bọ a ṣe bí ọ̀bọ. Àwọn wọ̀nyí kò mú nǹkan kan, wọ́n kàn ń ṣe bí ọ̀bọ ni.

Ọ̀bọ tí wọ́n bá ti fún lóúnjẹ lónìí kò ní bẹ̀rù èèyàn mọ́ lọ́la. Báàgì ẹlòmíì ni yóò já gbà. Àìsàn sì lè ti ara èèyàn ran ọ̀bọ, kó ti ara ọ̀bọ ran èèyàn.

Kí oúnjẹ wà nínú báàgì tí wọ́n fa síìpù rẹ̀ pa. Bí ọ̀bọ bá sún mọ́ ọmọ, kí àgbà bọ́ sáàárín, kó má fi eyín hàn án, kó má sì sá. Bó bá géni jẹ, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ dáadáa, kí wọ́n sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà.

Ìgbà tí ọmọ bá kọ́kọ́ ní kí wọ́n pọn òun ni kí wọ́n ti yíjú padà, torí ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé ṣì wà níwájú wọn láti rìn.