Dura lex, sed lex: apá wo nínú ọ̀rọ̀ náà ni a gbàgbé?

Ọ̀pọ̀ gbólóhùn Látìn tí à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé dé etí wa nípasẹ̀ èdè Faransé, bí ẹni pé wọn kò ní ìyá, wọn kò ní bàbá. Ọ̀kan nínú wọn ni Dura lex, sed lex: òfin le, ṣùgbọ́n òfin ni. Agbẹjọ́rò ń lò ó, ọlọ́pàá ń lò ó. Àwa olùkọ́ pàápàá ń lò ó fún akẹ́kọ̀ọ́ tó pẹ́ dé ibi ìdánwò. Bí a bá ti sọ ọ́, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó parí síbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ó ti ṣẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 18 ṣáájú ìbí Kristi, Késárì Auguste ṣe òfin kan ní Róòmù lórí panṣágà. Nípa òfin yìí, obìnrin tó bá kọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ dá ẹrú rẹ̀ kankan sílẹ̀ lómìnira, kò sì gbọdọ̀ tà á, títí ọjọ́ 60 yóò fi pé. Kí ló fà á? Ní Róòmù, wọn a máa dá ẹrú lóró kí wọ́n tó gba ẹ̀rí rẹ̀. Bí wọ́n bá sì fẹ̀sùn panṣágà kan obìnrin náà, ara àwọn ẹrú rẹ̀ ni wọn yóò ti wá ẹ̀rí. Ẹrú tó bá ti gba òmìnira ti bọ́ nìyẹn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹta, amòfin Ulpien ń ṣàlàyé òfin yìí. Ó rí i pé ó kan gbogbo ẹrú obìnrin náà pátá, títí dé orí èyí tí ń roko ní ìgbèríko tàbí tó wà ní ẹkùn òkèèrè, tí kì í ṣe ìránṣẹ́ inú ilé rẹ̀. Kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ fẹ́ mọ̀ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ ní yàrá? Ulpien kọ ọ́ pé èyí le gan-an, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ òfin náà. Àkójọ òfin tí Ọba Justinien kéde ní ọdún 533 ló pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Láti inú rẹ̀ ni a ti fa ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí gbogbo ayé mọ̀ yọ.

Ẹ kíyè sí i pé "ó le" ni Ulpien kọ́kọ́ sọ. Àwa tí ń lò ó lónìí, apá kejì nìkan ni à ń tẹnu mọ́.

A kò sọ pé kí olúkúlùkù máa pa òfin tó bá wù ú mọ́. Bí adájọ́ bá ń tẹ òfin síhìn-ín sọ́hùn-ún nítorí àánú, olówó àti ẹni tó ní ènìyàn lókè ni àánú náà yóò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ pé "òfin ni" jẹ gbèsè kan: kí ó sọ ẹni tí òfin náà ń pa lára, kí ó sì sọ ọ́ sétí ẹni tó lè yí i padà. Ní ilẹ̀ wa níbí, òfin tí àwọn Faransé pè ní indigénat fún aláṣẹ òyìnbó láyè láti fi ènìyàn sẹ́wọ̀n láìdé ilé ẹjọ́. Òfin ni, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún 1946 ni wọ́n tó pa á rẹ́, lẹ́yìn tí àwọn aṣojú láti Áfíríkà, tí Sourou Migan Apithy ọmọ Àjàṣẹ́ wà nínú wọn, ti jókòó ní ilé ìgbìmọ̀ ní Paris.