Owó Ilé Ọmọ Òrukàn

Bí George Whitefield, oníwàásù ìsọjí, bá fẹ́ wàásù, ahun a máa fi owó rẹ̀ sílé kó tó lọ. N kò ṣàwàdà. Benjamin Franklin, oníṣẹ́ ìtẹ̀wé ìlú Philadelphia, kọ ọ́ sínú ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ pé òun lọ gbọ́ ọkùnrin náà lọ́jọ́ kan, òun sì ti pinnu pé kọ́bọ̀ òun kò ní wọ inú àwo ọrẹ. Ẹyọ bàbà wà lápò rẹ̀, fàdákà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àti wúrà márùn-ún. Ìwàásù wọ̀ ọ́ lára díẹ̀, ó ní òun á dá bàbà. Ó tún gbọ́ gbólóhùn kan sí i, ojú tì í, ó ní ó di fàdákà. Kí ìwàásù tó parí, gbogbo ohun tó wà lápò, tòun ti wúrà, ló ti dà sílẹ̀. Ẹnìkan tí wọ́n jọ jẹ́ ẹlẹgbẹ́ ti fura láti ilé, ó ti kó owó kúrò lápò. Nígbà tí ìwàásù mú òun náà, ló bá ń yáwó lọ́wọ́ aládùúgbò tó dúró tì í. Aládùúgbò ní bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, òun ì bá yá a tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kò pé lónìí.

Owó ilé ọmọ òrukàn tí Whitefield dá sílẹ̀ ni wọ́n ń dá. Bethesda ni orúkọ ilé náà, nítòsí Savannah ní Georgia, 1740 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àsìkò ìsọjí ńlá nìyẹn ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso ibẹ̀. Ayé ń rọ̀ṣọ̀mù fún àwọn oníṣòwò èbúté, aṣọ àti ohun èlò olówó iyebíye ń ti Lọ́ńdọ̀nù wọlé, àwọn oníwàásù sì ń kígbe pé ọrọ̀ ti gba ipò Ọlọ́run. Àwa Yorùbá náà ti jókòó nínú àgọ́ ìsọjí tó, a mọ̀ pé igbe àlelúyà àti ọ̀rọ̀ owó kì í jìnnà síra. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ gbé àwọn èèyàn yìí sórí òṣùwọ̀n ọmọlúàbí.

Ẹ jẹ́ kí a tètè yanjú ti James Davenport. Ní oṣù kẹta ọdún 1743, ní New London, Connecticut, pásítọ̀ yìí ní kí àwọn èèyàn rẹ̀ kó ìwé àwọn olùkọ́ni tí kò bá tirẹ̀ mu jọ, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Lọ́jọ́ kejì, ó yí sí aṣọ: ẹ̀wù, yẹ̀rì, òrùka, ohunkóhun tí ọkàn bá ti fà sí jù, kí wọ́n mú un wá. Òun fúnra rẹ̀ bọ́ ṣòkòtò, ó sọ ọ́ sórí òkìtì. Obìnrin kan nínú ìjọ kò lè wò ó mọ́, ó fa ṣòkòtò náà yọ, ó sì jù ú lu ẹni tó ni ín. Ibẹ̀ ni ojú gbogbo wọn wálẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Davenport tẹ ìwé jáde, ó jẹ́wọ́ pé òun ṣìnà. Mo fún un ní máàkì fún ìyẹn. Ẹni tó lè sọ ní gbangba pé "mo ṣìṣe" ìwà kò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fẹ́ sun náà kò sì ṣe ẹnikẹ́ni níbi.

Ti Whitefield ló le. Bí a bá ń wo ọ̀rọ̀ sísọ, iṣẹ́ àṣekára àti inúure, gbogbo rẹ̀ ló pé sí i lára. Kò kó owó ọmọ òrukàn jẹ; Franklin, tí kì í ṣe ọmọ ìjọ rẹ̀, jẹ́rìí pé olóòótọ́ èèyàn ni. Ní 1740 yìí kan náà, ó kọ lẹ́tà sí àwọn olóko gúúsù, ó bá wọn wí pé ajá wọn ń rí ìkẹ́ nídìí tábìlì, ẹrú wọn kò rí tó bẹ́ẹ̀. Franklin ló tẹ lẹ́tà náà. (Franklin yìí náà ń gba owó ìpolówó ẹrú títà nínú ìwé ìròyìn rẹ̀ o.)

Àmọ́ ilé ọmọ òrukàn ń jẹ gbèsè. Georgia ka ẹrú léèwọ̀ nígbà náà, Whitefield sì gbà pé èèwọ̀ yìí ni kò jẹ́ kí nǹkan lọ déédéé. Ní 1747, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dáwó jọ fún un, ó ra oko ńlá kan àti ẹrú ní South Carolina, kí èrè oko lè máa bọ́ Bethesda. Ó ń rọ àwọn aláṣẹ Georgia pé kí wọ́n gba ẹrú láyè. Ní 1751, tí èèwọ̀ náà kúrò, inú rẹ̀ dùn. Ó kọ ọ́ pé ilẹ̀ olóoru kò ṣeé ro láìsí aláwọ̀ dúdú.

Ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Ẹrú ṣe ọmọ nílé ìyá rẹ̀ rí. Ohun tí Whitefield kò rò nìyẹn, tàbí tó rò tó gbé tì. Ó ń fi owó tọ́ ọmọ tí kò ní òbí, ó sì ń fi owó kan náà ra ọmọ tí òbí rẹ̀ ń wá a. Kì í kúkú ṣe pé ọwọ́ tiwa mọ́: Ẹfúnróyè Tinúubú ta ẹrú, àwọn ológun Ìbàdàn fi ẹrú roko. Ṣùgbọ́n àwọn tó pa òwe yẹn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, òwe náà sì ń dá wọn lẹ́bi.

Àwọn kan á ní ayé ìgbà yẹn ló rí bẹ́ẹ̀. John Woolman gbé ayé ìgbà yẹn. Aránṣọ ni ní New Jersey, ọmọ ìjọ Quaker, kò ní èrò lẹ́yìn. Ní 1742, ọ̀gá rẹ̀ ní kó kọ ìwé títà obìnrin dúdú kan. Ó kọ ọ́, ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, nígbà tó yá ó kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò tún kọ irú rẹ̀ mọ́. Ìsọ̀ rẹ̀ ń pa owó tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù bà á, ní 1756 ó ń darí oníbàárà sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Bó bá wọ̀ sílé olówó ẹrú lórí ìrìn àjò, á fi owó sílẹ̀ fún àwọn ẹrú tó gbọ́únjẹ fún un. Kò dáná sun aṣọ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń wọ èyí tí wọn kò pa láró. Díẹ̀díẹ̀ ni irú ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wọ ìjọ wọn létí, tí ìpàdé ọdọọdún wọn ní Philadelphia fi pinnu ní 1758 pé ọmọ ìjọ tó bá ń ra ẹrú tàbí tó ń tà á kò ní bá wọn dá sí ètò ìjọ mọ́.

Whitefield kú ní 1770. Nínú ìwé ìpíngún rẹ̀, ó fi Bethesda, ilẹ̀ rẹ̀ àti àwọn ẹrú ibẹ̀ sílẹ̀ fún obìnrin ọlọ́lá kan ní England, Selina, opó Earl ti Huntingdon. Mo gbà pé ó ṣaájò ọmọ òrukàn tọkàntọkàn. Ọmọlúàbí ni n kò lè pè é, nítorí lẹ́tà ọdún 1740 yẹn fi hàn pé ó mọ̀.