Ọbàtálá, ẹmu, àti ọmọ tí oògùn olóró ti di bárakú fún



Ìbéèrè kan wà táwọn òbí máa ń gbé wá síwájú ọpọ́n: "Baba, ọmọ yìí ò yéé lo tramadol. Ṣé àfọwọ́fà ni, àbí ohun tí orí rẹ̀ yàn nìyẹn?"

Ẹ jẹ́ ká ti ibi orí bẹ̀rẹ̀. Ìwádìí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bá Nàìjíríà ṣe, tó jáde lọ́dún 2019, ní èèyàn bíi mílíọ̀nù 14.3, ọmọ ọdún 15 sí 64, ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Ṣé gbogbo orí yẹn ló kúnlẹ̀ yan ohun kan náà ni? Rárá o. Orí kì í lọ ra tramadol, ẹsẹ̀ ló ń rìn lọ.

Àmọ́ ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́. Gbogbo wa la mọ ìtàn Ọbàtálá: òùngbẹ gbẹ ẹ́ lọ́nà, ó mu ẹmu, ó tún mu sí i, oorun gbé e lọ, Odùduwà sì gbé àpò ìwà lọ. Látìgbà náà lẹmu ti di èèwọ̀ rẹ̀. Ẹ kíyè sí i, Ifá ò ní ẹmu burú, òun náà la fi ń bọ Ògún. Ohun tí èèwọ̀ ń sọ ni pé àwọn méjèèjì ò gbọdọ̀ pàdé mọ́. Kì í ṣe "rọra mu", "má fẹnu kàn án" ni.

Bí tramadol ṣe rí nìyẹn. Oògùn ìrora ni nílé ìwòsàn. Ẹni tó sọ ọ́ di oúnjẹ, ẹyọ kan ò ní tó o mọ́. Tí ò bá rí i, ara á máa ro ó, á máa làágùn, oorun ò ní kùn ún. Tó bá pọ̀ lápọ̀jù, gìrì lè gbé e, èémí lè dá. Òun ló gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, àmọ́ nígbà tó bá yá, ẹsẹ̀ ò ní gbọ́ tiẹ̀ mọ́.

Olódùmarè ò torí ẹmu lé Ọbàtálá dànù. Iṣẹ́ mímọ èèyàn ló gbé lé e lọ́wọ́. Ọbàtálá náà ò sì sá fún ohun tọ́wọ́ rẹ̀ ṣe: àwọn tó fi ọtí mọ, ó ní tòun ni wọ́n, òun náà ló ń dáàbò bò wọ́n títí dòní.

Ìdáhùn mi rèé. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é, kì í wo ara tó ń gbọ̀n. Ẹ mú un lọ sí Aro l'Abẹ́òkúta, wọ́n ń tọ́jú bárakú níbẹ̀, kì í ṣe wèrè nìkan. Ẹbọ tá a bá rú ò ní kẹ́ ẹ má rí dókítà. Ìwọ ọmọ náà, gbà á léèwọ̀, kó o sì tún ohun tó o bà jẹ́ ṣe. Ẹni tó léèwọ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ, Ọbàtálá náà ní in.

Àbọrú àbọyè, àbọṣíṣẹ.