Sùúrù Ni À Ń Yìn Ni, Tàbí Èrè Rẹ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní sùúrù lérè. Láti kékeré ni a ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí kọ́ wa, n kò sì rí ẹni tó bá a jiyàn rí. Ṣùgbọ́n ìtàn ọkùnrin méjì kan ní Amẹ́ríkà mú kí n tún un gbé yẹ̀ wò.

Iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ṣe. Nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù, kọ́tábáàkì ni wọ́n ń pe ẹni tí í ju bọ́ọ̀lù fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí í sì í darí wọn. Ní 1987 ni ìdíje kan bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń ṣe eré yìí nínú ilé. Ọ̀pá 50 ni gígùn pápá rẹ̀, ìdajì ti ìta gbangba. Ènìyàn 8 ló ń wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan dípò 11. Òkìkí rẹ̀ kò tó ti ìta, owó rẹ̀ kò sì tó o.

Kurt Warner ni ẹni kìíní. Ní 1994, ẹgbẹ́ Green Bay Packers dán an wò, wọ́n sì dá a padà. Ó lọ ń to ọjà sórí pẹpẹ lóru nínú ilé ìtajà kan ní Cedar Falls, dọ́là 5.50 ni wákàtí kan. Ní 1995 ó wọ ẹgbẹ́ Iowa Barnstormers, ó sì ṣe eré inú ilé fún ọdún mẹ́ta. Ní 1999, Trent Green, kọ́tábáàkì St. Louis Rams, fi orúnkún ṣèṣe. Warner bọ́ sí ipò rẹ̀. Ní oṣù kìíní 2000, wọ́n gba ife Super Bowl, àmì 23 sí 16.

Aaron Garcia ni ẹnì kejì. Ní nǹkan bí àkókò kan náà ni òun náà wọ inú ilé, ibẹ̀ ló sì ti lo ayé iṣẹ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó jù tó di ayò lé ní 1,000. Ní 2011 ó darí Jacksonville Sharks gba ife, àmì 73 sí 70. Ṣùgbọ́n orúkọ ta ni ayé mọ̀?

Bí sùúrù bá lérè, èrè Garcia dà? Ẹlòmíràn yóò ní orí wọn kò dọ́gba ni. Ó dára; kí ni a wá ń fi Warner kọ́ ọmọ sí? A kò lè ní kí ọmọ jókòó máa retí ìgbà tí orúnkún ẹlòmíràn yóò yẹ̀.

Èrò tèmi nìyí. Ní 1996 àti 1997, Warner dé àṣekágbá eré inú ilé, wọ́n sì borí ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Kò mọ̀ pé 1999 ń bọ̀. Bí ó bá jẹ́ sùúrù ni à ń yìn, ọkùnrin 1997 yẹn ló yẹ kí á yìn. Ẹni tó bá sì yin ọkùnrin yẹn ti yin Garcia. Àwọn àgbà kan náà ló ní sùúrù ni baba ìwà; wọn kò pè é ní baba ọrọ̀. Sùúrù tó ń ka owó ọ̀la lójoojúmọ́, òwò ni.

N kò sọ pé kí ẹni tí ebi ń pa máa rẹ́rìn-ín o. Owó-ọ̀yà tí kò tó kì í di títọ́ nítorí pé ẹni tó ń gbà á ní sùúrù. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí á má fi èrè wọn ìwà.

Ẹni tó bá ní ìdáhùn tó sàn ju èyí lọ, kó fi ránṣẹ́ sí olóòtú. Etí mi ń bẹ nílẹ̀.