Kí Ó Béèrè Nípa Àwo Tó Fọ́: Ìwúre Ìyá Ìbejì

Kẹ́hìndé, kúnlẹ̀. Táyé, ìwọ náà wá kúnlẹ̀ ti èkejì rẹ. Ilẹ̀ ò tíì mọ́, ẹnu mi ò sì tíì kí ẹnikẹ́ni láàárọ̀ yìí. Omi tútù ló wà nínú igbá. Orúnkún mi ò jẹ́ kí n lè bá yín dé Ìbàdàn, nítorí náà ẹnu mi ni yóò bá yín lọ.

Olódùmarè, ọdún mẹ́rin ni mo fi tọrọ iṣẹ́ ìyanu lọ́wọ́ rẹ. Lónìí, ohun kékeré ni mo wá tọrọ: dókítà kan tó máa béèrè ọ̀rọ̀ kó tó mú báírò. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun gan-an ni iṣẹ́ ìyanu tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún, tí n kò mọ orúkọ tí mo lè pè é.

Kẹ́hìndé, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọ́ nígbà tí ife bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lọ́wọ́ rẹ láàárọ̀. O ń múra ìdánwò WAEC, o ń kàwé di aago méjì òru. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí o gbé tíì, ọwọ́ rẹ á ṣàdédé ta bí ẹni tí wọ́n fi okùn fà láti òkè, ife á lọ, tíì á lọ. Mo ní o ò kọbi ara sí nǹkan. Mo ń ka àwo tó fọ́ bí ẹni ń ka gbèsè: ife mẹ́fà, àwo pẹlẹbẹ méjì, àwokòtò ọbẹ̀ kan. Nígbà tí àwokòtò yẹn lọ, mo gbá ọ létí. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ tí o fi ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, tí ìfófó ń yọ lẹ́nu rẹ. Kò sí ẹni tó so ife mọ́ ìṣubú náà nínú wa. Olódùmarè, dárí ọwọ́ yẹn jì mí. Kẹ́hìndé, ìwọ náà dárí rẹ̀ jì mí, kí ìwúre yìí lè ròkè.

Mo ṣì ní ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn. Mo fi ṣíbí là ọ́ lẹ́nu, ehín iwájú rẹ kan sì ṣẹ́. Mo gbà kí wọ́n fún ọ ní àgbo ìtọ̀ màlúù tí wọ́n fi ewé tábà àti àlùbọ́sà pò. Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà Ìbàdàn ti ń pariwo nípa àgbo yẹn, pé ṣe ló ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ walẹ̀ tí gìrì á tún fi le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí ìkìlọ̀ nígbà tí ọmọ bá ń gbọ̀n nílẹ̀? Mo gbé ọ lọ sí ìṣọ́ òru mẹ́ta léra wọn. Àìsùn, bẹ́ẹ̀ àìsùn gan-an ni oúnjẹ tí wárápá tìrẹ ń jẹ.

Dókítà kan wà tí n kò ní í dárúkọ rẹ̀ nínú ìwúre. Ó kọ Tegretol fún ọ láì gbé ojú kúrò lórí tábìlì. Oògùn rere ni Tegretol, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti tìtorí rẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n wárápá kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí kan wà tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìhà kan ọpọlọ. Èyí kan ń gba gbogbo ọpọlọ lẹ́ẹ̀kan náà. Òmíràn wà tí ọmọ kò ní ṣubú rárá; á kàn dá ojú sí òfuurufú fún ìgbà díẹ̀, olùkọ́ á sì ní kò fetí sílẹ̀. (Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo ti na irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, mo mọ̀ ọ́n báyìí.) Èyí tó ń ta ọwọ́ sókè láàárọ̀, Tegretol lè mú kó le sí i. Tìrẹ sì le sí i.

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, nọ́ọ̀sì àgbà tó wà ní ibùdó ìlera ìlú wa wò ọ́ lójú, ó ní, “Kẹ́hìndé, ṣé nǹkan máa ń já bọ́ lọ́wọ́ ẹ tí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí?” Mo wá ìjókòó. Ọdún mẹ́rin, dókítà mẹ́ta, kò sí ẹni tó bi wá ní ìbéèrè yẹn. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ju ti òun lọ, ó kọ lẹ́tà sí neurologist, dókítà ọpọlọ àti iṣan, ní Ìbàdàn. Olódùmarè, bùkún nọ́ọ̀sì yẹn. Kí ẹlòmíràn bi ọmọ tirẹ̀ náà ní ìbéèrè tó yẹ lọ́jọ́ tó bá yẹ.

Ó yá, ẹ fọwọ́ kan omi.

Kẹ́hìndé, kí orí rẹ ti bá orí dókítà náà sọ̀rọ̀ kí ẹ̀yin méjèèjì tó ríra. Kí oorun ti kún ojú rẹ̀ dáadáa lóru àná. Kí ó má jẹ́ pé ogójì aláìsàn ló ti rí kó tó kàn ọ́. Bó bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹni kọkànlélógójì má sú u. Kí ó wo ojú rẹ kó tó wo fáìlì. Kí ó béèrè ìgbà tí o ń sùn àti ìgbà tí o ń jí, bí wọ́n ṣe bí ọ, bóyá ibà ti gbé ọ dákú rí ní kékeré, bóyá ẹlòmíràn ní irú rẹ̀ nínú ẹbí, kí ìtìjú má sì jẹ́ kí a fi ẹ̀gbọ́n bàbá yín pamọ́ fún un. Kí ó béèrè nípa ife. Àṣẹ.

Kí ó mọ èyí tó ń bá ọ jà kó tó yan ohun ìjà. Bí ó bá fẹ́ yọ Tegretol, kí ó yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, nítorí ẹni tó bá já oògùn wárápá lójijì ń pe ìjì sí ilé ara rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ kọ Epilim, kí ó rántí pé ọmọbìnrin ló jókòó síwájú òun, pé oògùn yẹn lè ṣe ọmọ inú ní ìjàǹbá, kí ó sì sọ ọ́ fún ọ lójú ara rẹ, kó má kàn sọ ọ́ fún mi bí ẹni pé ẹrù mi ni ọ́. O máa lọ́kọ. O máa bímọ, oògùn tó bá ọ mu yóò sì wà lára rẹ nígbà tí o bá lóyún. Ìlú ìbejì la wà: bó bá jẹ́ méjì, ilé yìí gbà wọ́n. Àṣẹ.

Kí ó béèrè iye tó wà lápò wa. Èyí ò kéré nínú ìwúre mi. Oògùn tó dára jù tí a kò lè rà lóṣù kejì, ìjàǹbá ni. Kí ó lójú àánú láti mú oògùn tí a lè máa rà lọ láì dáwọ́ dúró, kí ó sì júwe ilé oògùn tí kì í ta ayédèrú.

Táyé, ìwọ lo kọ́kọ́ jáde, ìwọ ni wọ́n rán wá tọ́ ayé wò fún èkejì rẹ. Iṣẹ́ yẹn ò tíì tán. Ẹni tó ṣubú kì í rí ìṣubú ara rẹ̀; ojú rẹ ni ojú rẹ̀. Kí dókítà bi ọ́ léèrè: apá wo ló kọ́kọ́ gbọ̀n, ibo lojú rẹ̀ ń lọ, ìṣẹ́jú mélòó ni, ó tó ìgbà wo kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀ padà? Kí ahọ́n rẹ má lọ́. Fídíò tó wà lórí fóònù rẹ, èyí tí mo bá ọ jà lé lórí pé o ń ya èkejì rẹ bí ẹni ń wo eré, òun ni nọ́ọ̀sì ní kí a mú dání ju ohunkóhun lọ. Ìwọ náà foríjì mí.

Lálẹ́ àná mo tú irun dídì orí rẹ, Kẹ́hìndé, mo fọ̀ ọ́, n kò sì fi òróró kan án, torí wọ́n lè fẹ́ lẹ wáyà EEG, ẹ̀rọ tó ń ka iná ọpọlọ, mọ́ ọ lórí. Ẹ̀rù ń bà ọ́, mo rí i. Ẹ̀rọ yẹn kì í rán iná sí orí ẹnikẹ́ni. Iná tí Ẹlẹ́dàá ti fi síbẹ̀ ló ń tẹ́tí sí. Hans Berger, ará Jámánì, ló kọ́kọ́ gba àkọsílẹ̀ rẹ̀ láti orí ènìyàn, ní 1924. Orí Kẹ́hìndé, tí mo fi omi gbígbóná àti àdí pa fún oṣù mẹ́ta gbáko nígbà tó ṣì rọ̀, bí wáyà náà bá dé, sọ̀rọ̀. Sọ gbogbo rẹ̀. Bí o bá sì dákẹ́ lọ́jọ́ náà, nítorí orí a máa dákẹ́ nígbà mìíràn, kí dókítà wa jẹ́ ẹni tó mọ̀ pé ìwé tó jáde ní mímọ́ kò sọ pé irọ́ ni aláìsàn ń pa.

Ẹ̀rín ń pa Táyé pé ìwúre mi ti di ẹ̀kọ́ kíláàsì. Ọmọ tí tíṣà bí ni yín, ẹ fara dà á.

Àwọn ará ìta mọ Igbó-Ọrà mọ́ ìbejì àti ọbẹ̀ ìlasa. Díẹ̀ ló mọ̀ pé ní ìlú yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn, ti ń wọ ilé dé ilé, tí wọ́n ń béèrè ẹni tó ní àrùn ọpọlọ àti iṣan. Ní 1987 wọ́n tẹ iye àwọn tó ní wárápá jáde: 5.3 nínú ẹgbẹ̀rún ènìyàn. Kẹ́hìndé, o ń rò pé ìwọ nìkan ni. Márùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹgbẹ̀rún, ní àdúgbò yìí kan náà, ṣùgbọ́n yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n fi wọ́n pamọ́ sí. Ọ̀ṣuntókun kú ní 1995. Kí irúgbìn tó gbìn ní Ìbàdàn má rà. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kọ́ má tán síbi tí ọkọ̀ òfuurufú ń lọ. N kò bú ẹni tó lọ sí Ìlú Ọba, owó oṣù ló lé wọn. Ṣùgbọ́n kí Ọlọ́run mú ẹni tó kù dúró, kí iná má kú mọ́ ọn lọ́wọ́, kí ìjọba san owó rẹ̀, kí ìyàwó rẹ̀ tàbí ọkọ rẹ̀ fún un ní àlàáfíà nílé, kí inú rẹ̀ lè dùn sí ọmọ mi.

Wọ́n ní kí a lọ sí Árò, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ, nígbà kan, o sì sunkún pé ṣé o ti ya wèrè ni. Árò náà ń tọ́jú wárápá, ọmọ mi, ojú tí ayé fi ń wo ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ló burú. Bó bá di dandan, a ó gbabẹ̀.

Nítorí ó lè jẹ́ pé dókítà òní yìí kọ́ ni ẹni tí mo ń tọrọ. Bí ó bá kígbe mọ́ ọ, bí kò bá fetí sílẹ̀, kí a má sọ pé bí gbogbo wọn ṣe rí nìyẹn. Kí agbára wa gbé e láti kan ilẹ̀kùn mìíràn. Bí ó bá jẹ́ ẹni rere tí ọ̀rọ̀ náà sì rú u lójú, kí ó lè la ẹnu sọ pé, “Èyí ò yé mi, ẹ jẹ́ kí n béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá mi.” Mo fẹ́ràn dókítà tó lè sọ bẹ́ẹ̀ ju èyí tó gbọ́n ju gbogbo ayé lọ. Àjọ ìlera àgbáyé ní bí ìtọ́jú bá péye, tó 70 nínú 100 ẹni tó ní wárápá ló lè máa gbé láì rí gìrì mọ́. Kí o wà nínú 70 yẹn. Bó bá sì jẹ́ 30 tó kù lo wà, kí ó má rẹ dókítà náà, kí ó má rẹ̀ mí, kí ó má rẹ̀ ọ́. Àṣẹ.

Láti ibí dé Ẹrúwà, láti Ẹrúwà dé Ìdó, kí ọ̀nà ó gbà yín. Kẹ́hìndé, bí gìrì bá mú ọ nínú ọkọ̀, kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ má sá fún ìfófó, nítorí wárápá kì í ràn. Kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ lélẹ̀, kí wọ́n fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ, kí ẹnikẹ́ni má ki ṣíbí tàbí ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí Táyé wo aago, kó sì ní kí ọkọ̀ gba ilé ìwòsàn lọ bó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ilẹ̀ tí ó ti gbà ọ́ nígbà gbogbo tí o ṣubú, kí ó máa rántí pé orí ọmọ ni èyí, kì í ṣe odó. Àṣẹ.

Ẹ dìde. Àkàrà wà nínú ike, Kẹ́hìndé, jẹ ẹ́ kí ebi má pa ọ́ lórí ìdúró. Oògùn rẹ wà nínú àpò kékeré, má fo ti àárọ̀ yìí. Jókòó sójú fèrèsé, sùn. Táyé, lẹ́tà nọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ rẹ, mo ti kọ iye àwo tó fọ́ sẹ́yìn rẹ̀: mẹ́sàn-án. Bí dókítà ò bá béèrè, jọ̀wọ́, kà á sí i létí.