Ta Ni Ó Ni Ẹrù Inú Ọkọ̀?

Láti 1883 tí ìwé Treasure Island ti R. L. Stevenson ti jáde ni ìtàn ajalèlókun ti ń dùn mọ́ àwọn ọmọdé. Nínú òmíràn, ọmọdé gan-an ni ọ̀gákọ̀. Ǹjẹ́ ó yẹ kí a fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ lé ọmọ Kàbà lọ́wọ́? Àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà láti Bídà ń kó àwọn baba ńlá wa lẹ́rú títí di 1897, tí ọmọ ogun Royal Niger Company dé Kàbà. Àwọn ẹlẹ́ṣin náà láyà; akọni ni wọ́n lójú ará ilé wọn. Ìgboyà dára, ṣùgbọ́n kò sọ olè di ọmọlúàbí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ka ìwé náà. Kí olùkọ́ sì bi í pé: ta ni ó ni ẹrù tí wọ́n kó?